Ilé Ẹ̀yìnkùlé: Iye Tí Ó Ń Náni Gan-an

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìgbáyégbádùn bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbò ẹ̀ka wa, Ṣàgámù

 

Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa sọ fún wa pé láàárín oṣù mẹ́ta, ọmọ ẹgbẹ́ 17 ni ó kọ̀wé béèrè owó yíyá. Nínú àwọn 17 yìí, 11 ni ó kọ ohun kan náà síbi tí a ti ń béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ṣe: wọ́n fẹ́ kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀yìnkùlé. Inú wa dùn láti gbọ́ ọ. Ẹni tí ó ń ronú ilé ń ronú ọ̀la. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa ìgbìmọ̀ yìí ti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ní orúkọ ẹ̀ka, lẹ́yìn ọ́fíìsì wa níhìn-ín. Gbogbo yín ni ẹ mọ ilé náà. Ohun tí ẹ kò mọ̀ tán ni iye tí ó ná wa. Òun ni a dìde láti sọ lónìí, a ó sì sọ ọ́ títí dé ibi tí ó ti ń ta wá lára.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Ohun tí à ń pè ní bọ́ìsì kọ́tà kì í ṣe nǹkan tuntun. Nígbà ìjọba àwọn òyìnbó ni orúkọ náà dé. Ilé ńlá iwájú ni ti ọ̀gá, yàrá kéékèèké ẹ̀yìn ni ti ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹni tí ń se oúnjẹ. Òyìnbó lọ, orúkọ kù. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti ń ṣe èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òyìnbó tó dé. Nínú agbo ilé, bí ọmọkùnrin bá tó gbéyàwó, wọn a fi yàrá kún yàrá fún un, ará ilé a sì pawọ́ pọ̀ po amọ̀. Ohun tí ó ń ná wọn ni oúnjẹ àti ẹmu tí àwọn aláàárọ̀ yóò jẹ tí wọn yóò sì mu. Láti ọdún 1872 tí àwọn ìlú Rẹ́mọ ti kóra jọ sí Ṣàgámù, ilé ti ń bí ilé báyìí ní ìlú yìí.

Lóde òní, ìdí tí a fi ń kọ́ ọ pọ̀ sí i. Ṣàgámù ní ilé ìwòsàn ńlá tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà. Ìlíṣàn ní Yunifásítì Babcock láti ọdún 1999. Oríta tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Ìjẹ̀bú Òde kún fún ilé iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, òṣìṣẹ́ ń wá yàrá, ẹni tí owó ilé Èkó ti lé jáde náà ń wá yàrá. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìpẹru, ní Òde-Rẹ́mọ, ẹni tí ó bá ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn ilé ti ń wò ó pé owó ni ó ń ṣòfò níbẹ̀ yẹn. Kì í sì ṣe àwa nìkan. Ní ìpínlẹ̀ California lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2017 ni wọ́n ti ń dẹ òfin wọn kí àwọn onílé lè kọ́ ilé kékeré sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí ilé gbígbé wọ́n wọn bí ojú. Ọ̀rọ̀ náà kárí ayé.

ÌWÉ BÍRÌKÌLÀ

Nígbà tí a fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀ka, bírìkìlà mú ìwé kan wá, ojú ewé kan ṣoṣo. Ó kọ búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì, iyanrìn, òkúta, irin, pákó, páànù àti owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ àpapọ̀ owó. A wò ó, a rí i pé owó ọwọ́ wa tó o, díẹ̀ tilẹ̀ ṣẹ́ kù. A pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè kan ni ó yẹ kí a bi í tí a kò bi í: bí a bá ná owó yìí tán, ibo ni ilé yóò dé?

Ká ní a bi í ni, ì bá ti sọ fún wa pé òrùlé lórí ògiri tí a kò tíì rẹ́ ni, láìní ilẹ̀kùn, láìní fèrèsé, láìní ṣáláńgá. Ọkùnrin náà kò purọ́ fún wa. Ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó kọ sílẹ̀. Àwa ni a rí ọ̀rọ̀ náà “ilé” lókè ìwé, tí a rò pé ilé tí ènìyàn lè sùn sí ni. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: ìwé bírìkìlà kì í ṣe ìwé ilé. Káfíńtà ní ìwé tirẹ̀, oníná ní tirẹ̀, púlọ́ńbà ní tirẹ̀, ọ̀dà ní tirẹ̀, ìjọba náà sì ní ti ara rẹ̀. Àfi kí a kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí a tó mọ iye.

SÌMẸ́ŃTÌ NÌKAN

Ẹ jẹ́ kí a fi sìmẹ́ńtì nìkan ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní í bá yín sọ iye owó, nítorí owó òní kì í ṣe ti ọ̀la. Iye àpò ni a ó sọ, kí oníkálùkù fi iye tí wọ́n ń tà á lọ́jọ́ tirẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ilé wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 25 ní gígùn, 20 ní ìbú. Yàrá méjì wà níwájú, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà lẹ́yìn wọn. Búlọ́ọ̀kù alábọ́ọ́dé kọ́, oní-íǹṣì mẹ́sàn-án ni a lò, bí 1,350, pẹ̀lú ti inú ilẹ̀. Bí sìmẹ́ńtì ṣe lọ nìyí:

Kọ́ńkéré ìpìlẹ̀: àpò 20
Búlọ́ọ̀kù ṣíṣe: àpò 45
Búlọ́ọ̀kù tító: àpò 26
Lẹ́ńtù: àpò 13
Kọ́ńkéré ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jámánì fúlọ́ọ̀: àpò 25
Ògiri rírẹ́, inú àti ìta: àpò 22
Ilẹ̀ dídán: àpò 12
Kòtò ṣáláńgá àti sókàwéè: àpò 17
Àpapọ̀: àpò 180

Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ó wà nínú ìwé bírìkìlà, àpò 104. Àpò 76 tí ó kù kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ni pé nígbà tí a rò pé sìmẹ́ńtì ti parí, a kò tíì ra tó nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá márùn-ún rẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí àpò kan ti kọjá 10,000 náírà ní ibi púpọ̀, ìjọba àpapọ̀ pe àwọn tí ń ṣe sìmẹ́ńtì jókòó, wọ́n sì fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000 náírà. Ẹ fi 8,000 ṣírò àpò 180, ẹ ó rí 1,440,000 náírà. Ní oṣù Keje ọdún kan náà ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Ẹni tí ó ń gba 70,000 yóò fi odindi owó oṣù 20 àti ààbọ̀ ra sìmẹ́ńtì yìí, láìjẹ, láìmu, láìwọkọ̀, láìsan owó ilé ìwé ọmọ. Sìmẹ́ńtì nìkan ni a sì ń sọ o. A kò tíì dárúkọ páànù.

Àwọn kan a máa sọ pé, “Ṣebí Ṣàgámù ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì?” Òótọ́ ni. Ilé iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ti Ṣàgámù níbí bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Ṣùgbọ́n epo tí ń wa ẹ̀rọ, ọkọ̀ tí ń gbé e, àti iye tí a fi ń ra dọ́là ni ó ń sọ iye àpò. Pé ilé wa súnmọ́ ibi tí a ti ń lọ̀ ọ́ kò mú un rọrùn bí ó ti yẹ.

Kí ẹ má sì bínú sí ara yín bí ẹ bá ṣi ìṣirò sìmẹ́ńtì ṣe. Ìjọba ológun ilẹ̀ wa náà ṣì í rí. Ní ọdún 1975, sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti pàṣẹ rẹ̀ láti òkè òkun tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, tí èbúté Èkó kò sì lè gba ju díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ lọ́dún kan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi ni ó tò sórí òkun tí wọ́n ń retí àyè, tí owó ìdádúró wọn sì ń gun ara wọn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó ní akọ̀wé àti onímọ̀ ìṣirò rẹpẹtẹ ni wọ̀nyẹn. Kí wá ni ti àwa tí a ń ṣírò lẹ́yìn páálí sìgá?

Ẹ ṣọ́ra fún búlọ́ọ̀kù tí ó rọ̀jù. Bí a bá fi àpò kan ṣe 30 búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́sàn-án, ó dára. Àwọn tí ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà a máa fi àpò kan ṣe 45. Nínú 1,350, àpò 15 ni wọ́n yọ yẹn, inú ògiri yín ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Ẹ gbé ọ̀kan sókè dé ìbàdí, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Bí ó bá fọ́ yángá bí àkàrà, ẹ kí ẹni tí ń tà á pé ó dàbọ̀.

OHUN TÍ KÒ SÍ NÍNÚ ÌWÉ KANKAN

Àwọn ìnáwó kan wà tí ó jẹ́ ti ẹ̀yìnkùlé nìkan, tí ẹni tí ó ń kọ́lé sí ojú títì kò mọ̀ wọ́n. Ọ̀nà tí ó wọ ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Típà kò lè gbà á. Ojú títì ni ó ń da iyanrìn àti òkúta sí, lébìrà ni ó ń fi orí rù ú wọlé. Búlọ́ọ̀kù 1,350, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a gbé e. Owó méjì ni a fi ń ra ohun kan: a ra á, a tún san owó rẹ̀ láti dé ibi tí a ti ń lò ó. Lálẹ́ ọjọ́ kan, òjò ńlá rọ̀, ó gbá iyanrìn típà kan sínú gọ́tà. Ní òwúrọ̀, àwọn aládùúgbò ní kí a wá kó o kúrò, ìdájọ́ wọn sì tọ́. A san owó kí a tó kó ohun tiwa kúrò lọ́nà.

Lẹ́yìn náà ni kànga. Ibi tí bírìkìlà kọ́kọ́ fi èèkàn sí fún ṣáláńgá kò jìnnà sí kànga tí gbogbo wa ń pọn. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ni ó pariwo. A gbé kòtò náà lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, jìnnà réré, ó sì di pé a ń ra páìpù gígùn. Owó náà dùn wá. Bí a bá wo iye tí inú rírun ń náni, a rí i pé òun ni owó tí ó mọ́gbọ́n wá jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ná.

Iná mọ̀nàmọ́ná náà ńkọ́? Bí ilé iwájú àti ilé ẹ̀yìn bá jùmọ̀ ń lo mítà kan, ìjà kò ní í tán láàárín yín. Mítà tirẹ̀ ni ó yẹ kí ilé ẹ̀yìn ní. Omi ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ẹlòmíràn a kọ́ yàrá ẹ̀yìn títí yóò fi di fèrèsé ilé iwájú, tí ìyá arúgbó inú yàrá náà kò ní í rí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ìyẹn kò sí nínú ìwé owó, ṣùgbọ́n ìyá ni ó ń san án.

Ìwé àṣẹ sì tún wà. Ẹ máṣe gbọ́ ti ẹni tí ó sọ pé ilé ẹ̀yìn kò nílò àṣẹ nítorí pé a kò rí i láti títì. Ilé ni ilé. Ó gbọ́dọ̀ ní àwòrán, kí ọ́fíìsì ètò ìlú sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá gba á lè jí lọ́jọ́ kan kí ó rí àmì pupa lára ògiri. Ní ti àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ń béèrè owó ìpìlẹ̀, owó lẹ́ńtù, owó òrùlé, ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣe òfin láti ọdún 2016 lòdì sí fífi ipá gba ilẹ̀ àti ìyọnu bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn yín. Ẹ má dá nìkan kojú wọn, ẹ wá bá ẹgbẹ́.

Ìgbà pàápàá ń náni lówó. Ní Rẹ́mọ níbí, òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, ó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó tún ń padà títí di oṣù Kẹwàá. Ẹni tí yóò kọ́lé, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, kí ó sì ní owó tí yóò gbé e dé òrùlé kí òjò tó dé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa dúró sí lẹ́ńtù fún òjò mẹ́ta. Ewédò hù sára ògiri rẹ̀, irin tí ó yọ sókè dípẹtà, ìlà búlọ́ọ̀kù méjì òkè ni ó wó palẹ̀ kí ó tó lè tẹ̀síwájú. Owó tí ó fi tún un ṣe ì bá ti ra ilẹ̀kùn.

OWÓ YÍYÁ ÀTI OWÓ ILÉ

Ẹni púpọ̀ ń sọ pé owó ilé tí ayálégbé bá san ni yóò san gbèsè. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà pọ̀. Ká ní ilé ná yín ní mílíọ̀nù mẹ́fà, tí ayálégbé sì ń san 300,000 lọ́dún. Mẹ́fà pín sí i, ogún ọdún ni kí owó tó padà. Ṣùgbọ́n yàrá a máa ṣófo nígbà mìíràn. Ẹ yọ oṣù kan lọ́dún fún un. Òrùlé a máa jò, púńpù a máa bàjẹ́, ọ̀dà a máa ṣí. Ẹ yọ owó oṣù méjì fún ìyẹn. Ohun tí ó kù ni 225,000, ogún ọdún sì ti di ọdún 26 ó lé oṣù díẹ̀. Ẹni ọdún 50 tí ó kọ́ ọ yóò ti di 76 kí owó rẹ̀ tó pé.

Ìyẹn bí owó bá jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá yá mílíọ̀nù mẹ́fà náà ní èlé 20 lórí 100, èlé ọdún kìíní nìkan jẹ́ 1,200,000. Owó ilé 300,000 kò tó gbọ́ bùkátà èlé, áńbọ̀sìbọ́sí owó gan-an. Ọdọọdún ni gbèsè yóò máa ga ju ilé lọ. Èlé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa rọrùn ju bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ti inú owó oṣù jáde kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ wo ìwé owó oṣù yín dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ wò bóyá wọ́n ń yọ 2.5 lórí 100 fún owó ilé ti ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń yọ ọ́, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí ó ń lọ àti láti béèrè ohun tí ó lè ṣe fún yín. Láti ọdún 2022 ni wọ́n sì ti gba ẹni tí ó ń dá owó ìfẹ̀yìntì láyè láti mú tó ìdá mẹ́rin kan nínú rẹ̀ fi ṣe owó àkọ́san fún ilé tí bánkì yóò yá a lówó rà. Ẹ rántí pé ọjọ́ ogbó yín ni ẹ ń mú níbẹ̀ o.

IBI TÍ Ó TI DÙN WÁ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a ti dé ibi tí a ní a ó dé. Nígbà tí owó ilé ẹ̀ka tán, ògiri ti dé òkè, pákó òrùlé ti wà nílẹ̀, òjò sì ti ń ṣú. Àwa ìgbìmọ̀ jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, a sì pinnu láti mú owó ìrànwọ́ ìsìnkú fi kan òrùlé. A ní a ó dá a padà kí oṣù mẹ́ta tó pé. A kò béèrè lọ́wọ́ yín. A rò pé ikú yóò dúró dè wá.

Ikú kò dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kú, ọkùnrin tí ó ti san owó ẹgbẹ́ fún ọdún 19 láìjẹ́ oṣù kan. Ìyàwó rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn. Ó béèrè ohun tí í ṣe tirẹ̀. A kò ní i. Ó jókòó sórí àga gígùn tí ó kọjú sí fèrèsé, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń wo páànù tuntun tí ó ń dán nínú oòrùn, kò mọ̀ pé owó ọkọ òun ni òun ń wò. A gbé igbá káàkiri láàárín yín. Ẹ dá owó, ẹ ṣeun, ẹ sì rò pé ìfẹ́ ni a kàn ń béèrè. Ẹ̀tọ́ ni ó jẹ́. Oṣù márùn-ún ni ó gbà wá kí a tó san ohun tí ó kù fún un tán.

A ti lọ bá obìnrin náà, a ti dọ̀bálẹ̀, a sì ti jẹ́wọ́. Ó dárí jì wá ju bí ó ti tọ́ sí wa lọ. Lónìí, a ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin náà. Bí ẹ bá wá béèrè iye tí ilé ẹ̀yìn ọ́fíìsì ná wa, ẹ má ka àpò sìmẹ́ńtì nìkan. Ẹ ka oṣù márùn-ún obìnrin yẹn mọ́ ọn.

Ìdí tí a fi sọ èyí ni pé a mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó ń kọ́lé tí alẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í dé bá. Owó á tán, òjò á ṣú, ojú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo owó mìíràn: owó ìdánwò ọmọ, owó ọjà ìyàwó, owó oògùn bàbá. Kí alẹ́ náà tó dé ni kí ẹ ti pinnu èyí tí ẹ kò ní í fọwọ́ kàn.

ILẸ̀ TA NI?

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Nínú àwọn 11 tí ó béèrè owó, mẹ́fà ni ó fẹ́ kọ́lé sí ẹ̀yìn ilé bàbá wọn. Ilẹ̀ ẹbí ni. Ẹni tí ó kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí lè rò pé òun ni ó ni ilé nítorí òun ni ó ra búlọ́ọ̀kù. Lójú àṣà, àti ní ilé ẹjọ́ pàápàá, ilẹ̀ a máa fa ilé mọ́ra. Níwọ̀n ìgbà tí ẹbí kò bá tíì pín ilẹ̀ náà fún un, wọ́n lè sọ pé ti gbogbo wa ni. Bí òun bá wà láàyè, wọn a dákẹ́ nítorí ojú rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá kú ni ọ̀rọ̀ yóò jáde, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sì bá a. Ẹ pe ẹbí jọ kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Kí Olórí Ẹbí àti àwọn àgbà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé níwájú lọ́yà. Owó lọ́yà kò tó owó ẹjọ́.

OHUN TÍ A DÁMỌ̀RÀN

A kò sọ pé kí ẹ má kọ́lé. Ilé ẹ̀ka wa dúró lónìí. Nọ́ọ̀sì kan ń gbé yàrá kan, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan wà nínú ìkejì, owó tí wọ́n ń san sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ran owó ìsìnkú lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ́ ọ kí ìyá rẹ̀ lè wà nítòsí, tàbí kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó lè rí ibi fi orí lé, èrè tirẹ̀ kì í ṣe ti owó, a kò sì lè fi ìṣirò díwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nítorí náà:

Èkíní, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kó wọn pọ̀, kí ẹ sì fi ìdá mẹ́ta kan lé e fún ohun tí ẹ kò rí.

Èkejì, bí owó kò bá tó dé òrùlé, ẹ má gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹ kọ́ yàrá kan kí ó parí. Yàrá kan tí ó ní ilẹ̀kùn sàn ju mẹ́rin tí kò ní òrùlé.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ ra ọjà. Bí ẹni mẹ́fà bá ra sìmẹ́ńtì àti páànù pọ̀ ní oṣù kan, tirelà kan ni a ó sanwó rẹ̀ dípò ọkọ̀ mẹ́fà. A ti bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sọ ọ́, wọ́n sì gbà.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ má yá ẹnikẹ́ni lówó ilé kí ó tó mú ìwé ilẹ̀ àti ìwé àṣẹ wá. Àwọn kan yóò bínú sí wa. Ó sàn kí wọ́n bínú lónìí ju kí ọmọ wọn sunkún lọ́la.

Ẹ̀karùn-ún, kí a kọ ọ́ sínú òfin ẹ̀ka wa lónìí, kí a tó túká, pé ìgbìmọ̀ kankan, títí kan tiwa yìí, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìsìnkú fún ohun mìíràn, bí ó ti wù kí òjò ṣú tó. Àwa tí a ṣe é ni a ń dábàá rẹ̀. A bẹ̀ yín, kí ẹnì kan kín in lẹ́yìn.

Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa fi kún un pé ilé tí a fi oúnjẹ ọmọ kọ́, ọmọ náà kò ní í fẹ́ràn rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a kọ́lé, kí ó jẹ́ kí a gbé inú rẹ̀ pẹ́, kí ilé má sì di gbèsè lé wa lórí.